Ibi Tí Sẹ́ẹ̀lì Funfun Ti Ń Bọ́ Sílẹ̀: Èròjà Ìlẹ̀mọ́, Àjẹsára, àti Àìsàn Tí Ara Fi Ń Bá Ara Rẹ̀ Jà

Àwọn tó pè mí wá ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ohun kan tí ojú lásán kò lè rí: èròjà tó wà lára sẹ́ẹ̀lì, tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì kan di òmíràn mú. Èròjà ìlẹ̀mọ́ ni n ó máa pè é títí n ó fi jókòó. Mo mọ̀ pé kò gbajúmọ̀ bí ibà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ló wà bí egbò ẹsẹ̀ bá máa jinná, ọwọ́ rẹ̀ náà ló sì wà bí kíndìnrín ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ bá fẹ́ bàjẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìdí ìwọ́ ọmọ. Kò sí ìyá níbí tí kò mọ̀ pé ìwọ́ ọmọ tuntun kì í pẹ́ já. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ó ti gbẹ, ó ti bọ́. Bó bá pẹ́ díẹ̀, ìyá ọkọ yóò ti máa bi ìyàwó pé kí ló fi ń nù ún. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀ ni pé ìwọ́ kì í dédé já. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà ló máa ń rọ́ lọ sí ìdí rẹ̀, tí wọ́n á jẹ ẹ́ títí yóò fi já. Ní 1979, ìwé ìròyìn ìṣègùn Lancet gbé ìròyìn àwọn ọmọ kan jáde tí ìwọ́ wọn kọ̀ tí kò já bọ̀rọ̀. Àìsàn kan kò tíì lọ tí òmíràn ti ń dé sí wọn lára. Egbò wọn kì í jinná, bẹ́ẹ̀ ni kì í gba ọyún. Bí a bá wá yẹ ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wò, sẹ́ẹ̀lì funfun inú rẹ̀ kò dín rárá. Ó pọ̀ ju ti ọmọ tó le koko lọ. Ó kún inú ẹ̀jẹ̀ nítorí pé kò rí ọ̀nà jáde kúrò nínú ẹ̀jẹ̀.

Nígbà tó yá ni ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì tú àṣírí náà. Jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní ITGB2 ló bàjẹ́ lára àwọn ọmọ náà, èròjà ìlẹ̀mọ́ tí jíìnì yẹn ń ṣe kò sì sí lára sẹ́ẹ̀lì wọn. Àìsàn tó ṣọ̀wọ́n gan-an ni, nǹkan bí ọmọ kan nínú mílíọ̀nù. Ìwòsàn tó múná dóko fún èyí tó le nínú rẹ̀ ni kí wọ́n gba mùdùnmúdùn eegun ẹlòmíràn sí ọmọ náà lára, irú iṣẹ́ tí ilé ìwòsàn Yunifásítì ìlú Benin ṣe fún ọmọ kan tó ní àrùn SS ní 2011.

Èmi kò retí pé kí ọmọ kan ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ wa níbí l'Ékòó ní àìsàn ìwọ́ yìí lọ́dún yìí. Ohun tó fi hàn ni mo ṣe mú un wá. Bí ẹ bá gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé àjẹsára ẹnì kan, ìyẹn agbára tí ara rẹ̀ fi ń bá àìsàn jà, "lágbára" tàbí pé ó "rẹlẹ̀", ẹ béèrè pé: níbo? Sẹ́ẹ̀lì funfun lè pọ̀ bí ọjà kó má wúlò. Ó sì lè jẹ́ ìwọ̀nba kó ba ara jẹ́. Ibi tó bọ́ sílẹ̀ sí ni kókó.

Báwo ló ṣe ń bọ́ sílẹ̀? Ẹ rántí pé ẹ̀jẹ̀ ń sáré ni. Ní 1867, Julius Cohnheim, onímọ̀ ìṣègùn ará Jámánì, fi maikirosíkóòpù wo iṣan ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín lára ọ̀pọ̀lọ́ tó ṣì wà láàyè. Ó rí i pé níbi tí ara bá ti wú, sẹ́ẹ̀lì funfun a máa yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri iṣan, wọ́n á rọra yí lọ lára ògiri náà, wọ́n á dúró, lẹ́yìn náà wọ́n á gba inú ògiri jáde. Ó rí gbogbo rẹ̀ kedere, ṣùgbọ́n ohun tó dá wọn dúró kò hàn sí i. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kí ìdáhùn tó dé.

Ẹ̀yin ará Òṣòdì mọ ìrìn yìí. Dánfó tó ń bọ̀ láti Mile 2 kì í fẹ́ dúró tán. Èrò tó fẹ́ bọ́ sílẹ̀ yóò ké "Ó wà o!", yóò di etí ilẹ̀kùn mú, yóò fẹsẹ̀ balẹ̀, yóò bá mọ́tò sáré ìṣísẹ̀ bíi mélòó kan kó tó lè dúró ṣinṣin, lẹ́yìn náà ni yóò wá àlàfo láàárín ogunlọ́gọ̀ tí yóò sì gba ibẹ̀ wọ ọjà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sẹ́ẹ̀lì funfun ń ṣe. Bí ẹ̀gún bá gún ẹsẹ̀ tí kòkòrò wọlé, ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wà nítòsí yóò yọ èròjà kan síta láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, P-selectin ni orúkọ rẹ̀. Wákàtí mélòó kan lẹ́yìn náà, E-selectin yóò bá a níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kì í dìmú gírígírí. Wọ́n á dì í mú, wọ́n á tú u, wọ́n á tún dì í mú, sẹ́ẹ̀lì funfun náà á sì máa yí gbirigbiri lọ lára ògiri. Bó ti ń yí lọ ni yóò máa bá àwọn èròjà tí ara tó fara pa tú jáde pàdé. Ìgbà yẹn ni oríṣi èròjà ìlẹ̀mọ́ kejì tó wà lára sẹ́ẹ̀lì funfun fúnra rẹ̀, integrin, yóò jí. Kó tó di ìgbà náà, ńṣe ló ká kò, tó tẹ orí mọ́lẹ̀. Bó bá ti gbọ́ ìròyìn ìfarapa, yóò nà tàntàn, yóò la ẹnu, yóò sì gbá ICAM-1 tó wà lára ògiri iṣan mú. Sẹ́ẹ̀lì dúró nìyẹn. Ó kù kó wá àlàfo láàárín sẹ́ẹ̀lì ògiri méjì, kó fún ara rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá.

Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn tó tú àṣírí ìdìmú kejì yìí ni Timothy Springer ti Yunifásítì Harvard. Òun, Richard Hynes àti Erkki Ruoslahti ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Lasker ti 2022 lórí iṣẹ́ integrin. Integrin pín sí oríṣiríṣi, oríṣi tó wà lára sẹ́ẹ̀lì ló sì ń sọ ibi tó lè bọ́ sí. Èyí tí wọ́n ń pè ní LFA-1 ń di ICAM-1 mú, ibi púpọ̀ lára ló sì ti ń ṣiṣẹ́. VLA-4 ń di VCAM-1 mú, òun ló ń mú sẹ́ẹ̀lì wọ ọpọlọ nígbà tí nǹkan bá dàrú. Òmíràn tún wà tí kò mọ ibòmíràn ju ìfun lọ, nítorí pé inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ìfun ni èròjà tó ń dì í mú pọ̀ sí jù. Ẹ fi ti ìfun yẹn sọ́kàn. N ó padà sí i.

Kòkòrò ibà ti mọ àṣírí yìí tipẹ́tipẹ́ kí Harvard tó mọ̀ ọ́n. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tí kòkòrò ibà falciparum bá wọ̀ yóò yọ ìkọ́ kan síta lára rẹ̀, yóò fi kọ́ ICAM-1 àti àwọn èròjà mìíràn lára ògiri iṣan, kó má baà dé inú ọlọ inú tí yóò ti pa á run. Bó bá kọ́ sínú iṣan ọpọlọ ọmọdé, ibà ti di gìrì àti dídákú. Bó bá kọ́ sínú ibi aláboyún, ọmọ inú rẹ̀ kò ní í dàgbà tó bó ṣe yẹ. Àrùn SS, fòníkú-fọ̀la-dìde, náà ní ọwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìlẹ̀mọ́: sẹ́ẹ̀lì pupa tó tẹ̀ bí dòjé àti sẹ́ẹ̀lì funfun jọ ń lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan nípasẹ̀ P-selectin, wọ́n á dí ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, ìrora á dé. Ẹni tó bá ti kọjá ní Ìdí-Àràbà, nítòsí wa níbí, ti rí ilé ìwòsàn àrùn SS tó dojú kọ LUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Èkó. Oògùn kan tó ń dí P-selectin, crizanlizumab, gba ìyọ̀ǹda ní Amẹ́ríkà ní oṣù kọkànlá 2019, inú àwọn òbí sì dùn. Ìwádìí tó tẹ̀lé e kò fi hàn pé ó sàn ju oògùn ẹ̀tàn lọ, Yúróòpù sì gba ìyọ̀ǹda tiwọn padà ní 2023. Èmi kò ní sọ pé ọ̀nà náà ti dí. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín bí ìwòsàn.

Ó wá kan àìsàn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà. Àjẹsára tó yẹ kó máa lé kòkòrò jáde ló yí ojú padà sí ẹran ara onítọ̀hún. Èyí tó kan èròjà ìlẹ̀mọ́ tààrà jù nínú wọn ni pemphigus. Sẹ́ẹ̀lì awọ ara wa kò dà gẹ̀rẹ̀jẹ̀ kiri; èròjà ìlẹ̀mọ́ kan, desmoglein, ló so wọ́n pọ̀. Lára ẹni tó ní pemphigus, àjẹsára ń ṣe antibody, ohun ìjà tó yẹ kó fi máa gbógun ti kòkòrò, tó lọ ń jẹ desmoglein yìí. Ẹ̀rí tó fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ jáde ní 1991, láti ọwọ́ Masayuki Amagai, ọmọ Japan, àti John Stanley ní Amẹ́ríkà. Kí ni ojú ń rí? Egbò inú ẹnu ló sábà máa ń ṣáájú. Kò ní í jinná, oúnjẹ kò ní í ṣeé jẹ, ata kò ní í ṣeé fi kàn án. Lẹ́yìn oṣù bíi mélòó kan, ìléròrò yóò bẹ̀rẹ̀ sí í sú sí àyà, sí ẹ̀yìn, sí orí. Ó rọ̀, ó tètè ń bẹ́, ibi tó bá sì bẹ́ yóò dà bí ibi tí omi gbígbóná jó. Bí dókítà bá fi ìka ti awọ ara tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, awọ náà á yọ̀. Kí oògùn steroid tó dé ní àárín ọ̀rúndún tó kọjá, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tó bá ní in ló ń kú sí i. Ní tiwa, èèyàn á ti sọ pé wọ́n sa oògùn sí i ni, tàbí pé ó jẹ èèwọ̀. Mi ò fi ẹnikẹ́ni ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mo bá rí awọ ara tó ń ṣí kúrò lára èèyàn láìsí iná, èmi náà yóò wá ìdí rẹ̀ jìnnà. Ṣùgbọ́n antibody yìí ṣeé yẹ̀ wò, ó sì ṣeé tọ́jú.

Lupus ni èyí tí mo fẹ́ dúró lé lórí, nítorí ó wà láàárín wa ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Nínú mẹ́wàá tó ń ṣe, nǹkan bíi mẹ́sàn-án ló jẹ́ obìnrin, àwọn tó wà ní ọjọ́ orí ìbímọ sì ló pọ̀ jù. Antibody wọn ń gbógun ti àkóónú ààrin sẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀. Ìdàrúdàpọ̀ yìí ń mú kí ògiri iṣan kíndìnrín yọ VCAM-1 àti ICAM-1 síta bí ẹni pé kòkòrò wà níbẹ̀, sẹ́ẹ̀lì funfun á sì máa bọ́ sílẹ̀ níbi tí a kò ti ránṣẹ́ pè wọ́n. Ní 2008, àwọn onímọ̀ rí àyípadà kan nínú jíìnì ITGAM, jíìnì integrin mìíràn, tó ń mú kí lupus rọrùn láti dé, wọ́n sì rí i lára àwọn tí ìran wọn ti ilẹ̀ Áfíríkà wá pẹ̀lú àwọn ará Yúróòpù. Ohun tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé àyípadà náà kì í mú kí sẹ́ẹ̀lì lẹ̀ jù. Ńṣe ni kì í jẹ́ kó lè dìmú dáadáa, kì í sì í jẹ́ kó gbé òkú sẹ́ẹ̀lì mì bó ṣe yẹ. Òkú sẹ́ẹ̀lì tí a kò gbé mì, inú rẹ̀ á tú síta, àjẹsára á rí ohun tí kò yẹ kó rí, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe antibody sí i. Nítorí náà, ìlẹ̀mọ́ tó pọ̀ jù ń dá ìjà sílẹ̀, ìlẹ̀mọ́ tí kò tó náà ń dá a sílẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ Yorùbá wà nínú ìpìlẹ̀ irú ìwádìí jíìnì báyìí. Nígbà tí iṣẹ́ HapMap ń ṣe àkójọ àyípadà jíìnì ọmọ ènìyàn fún gbogbo ayé, Ìbàdàn ni wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ Yorùbá 90, bàbá, ìyá àti ọmọ láti ìdílé 30. Àkójọ àkọ́kọ́ jáde ní 2005 pẹ̀lú 269 ènìyàn, tó túmọ̀ sí pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ tiwa. Ẹ̀jẹ̀ wa ti ṣiṣẹ́ fún gbogbo ayé. Ó tó àkókò kí èso rẹ̀ dé Mafolúkù wa níbí.

Ìbàdàn náà ni àríyànjiyàn kan ti bẹ̀rẹ̀ tí kò tíì parí. Ní 1965, dókítà ọ̀dọ́ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Brian Greenwood, dé sí ilé ìwòsàn UCH. Ohun tí kò rí ló yà á lẹ́nu. Làkúrègbé tó ń wó oríkèé ọwọ́, lupus àti ẹgbẹ́ wọn, tí kì í ṣe àjèjì ní ìlú rẹ̀, kò wọ́pọ̀ ní wọ́ọ̀dù Ìbàdàn. Ó jókòó ti ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn náà láti 1957 títí dé 1966. Nínú 98,454 aláìsàn tí wọ́n dá dúró, 104 péré ni àkọsílẹ̀ sọ pé àìsàn tí ara fi ń bá ara rẹ̀ jà ló ń ṣe. Ó tẹ èyí jáde nínú Lancet ní 1968, ó sì dá a lábàá pé bóyá ibà àti àwọn kòkòrò mìíràn tó ń bá wa gbé láti kékeré ló ń tu àjẹsára wa nínú. Kò fi mọ sí àbá. Ní 1970, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mú irú eku kan tí lupus máa ń dé sí láìsí pé ẹnikẹ́ni ṣe é ní nǹkan kan, wọ́n fi kòkòrò ibà ti eku sí wọn lára, àìsàn náà sì rọlẹ̀ lára eku wọ̀nyẹn. (Greenwood yìí kan náà ló wá lọ sí Gambia lẹ́yìn náà, tó sì di gbajúmọ̀ nínú ìwádìí àpò ẹ̀fọn tí wọ́n fi oògùn sí. Ẹni tó sọ pé ibà lè jẹ́ ààbò ló fi ọ̀pọ̀ ọdún bá ibà jà. Mo fẹ́ràn ọkùnrin náà fún ìyẹn.)

Mo gba ti eku gbọ́. Ti 104 yẹn ni mo ní ẹjọ́ bá rò. Ẹni tí wọ́n dá dúró ní UCH ni wọ́n kà. Ẹni tó kú sí abúlé kò sí nínú ìwé. Lupus sì mọ bí a ti ń ṣe bí ibà: ara gbígbóná, oríkèé dídùn, àárẹ̀, orí fífọ́, irun jíjẹ. Ní ìlú tí ibà ti jẹ́ ìdáhùn fún gbogbo ara gbígbóná, ta ni yóò béèrè ohun mìíràn? Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n béèrè. Ní 2001, àwọn olùwádìí ní gúúsù London, apá ibi tí Peckham wà, níbi tí àwọn èèyàn wa ti ń ta iṣu àti èlùbọ́ lójú pópó, ka àwọn obìnrin tó ní lupus. Láàárín obìnrin òyìnbó, ó jẹ́ nǹkan bí 35 nínú ọ̀kẹ́ márùn-ún. Láàárín àwọn obìnrin tí wọ́n ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá, ó tó 110. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn yìí ló jẹ́ pé ilé ni wọ́n ti dàgbà, tí wọ́n ti mu omi wa, tí ẹ̀fọn wa ti jẹ wọ́n, kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ibà ìgbà èwe kò gbà wọ́n lọ́wọ́ lupus.

Nígbà tó wá di 2009, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fẹ́mi Adélówò, oníṣègùn oríkèé tó ṣiṣẹ́ ní LASUTH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó n'Ìkẹjà, tẹ ìwé jáde pẹ̀lú ẹnìkejì rẹ̀ lórí àwọn aláìsàn lupus 66 tí wọ́n tọ́jú níbí. Lupus nìkan ni 66 yìí, ọ̀dọ̀ àwọn oníṣègùn oríkèé nìkan ni wọ́n sì ti rí wọn. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 104 ti gbogbo oríṣi àìsàn bẹ́ẹ̀ fún ọdún mẹ́wàá ní ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH. Èrò tèmi ni pé àìsàn náà lè ti pọ̀ sí i díẹ̀ bí ìgbé ayé wa ti ń yí padà, ṣùgbọ́n ojú tó mọ̀ ọ́n ló pọ̀ sí i jù. Ewu wà nínú kí dókítà máa ka lupus sí àìsàn òyìnbó. Orúkọ yẹn ti pa èèyàn.

Wàyí o, bí sẹ́ẹ̀lì bá ń bọ́ sílẹ̀ níbi tí kò yẹ, ṣé a kò lè dí ọ̀nà mọ́ ọn? Wọ́n dán an wò. Ní 1992, àwọn olùwádìí fi antibody dí VLA-4 lára àwọn ẹranko tí àjẹsára wọn ń jẹ ọpọlọ wọn, àìsàn náà kò sì lè wọlé. Láti ibẹ̀ ni oògùn natalizumab ti wá, fún multiple sclerosis, àìsàn tí àjẹsára fi ń jẹ ọpọlọ èèyàn, tó wọ́pọ̀ lára àwọn ará Yúróòpù jù wá lọ. Ó ṣiṣẹ́ gan-an: ó dín ìdìde àìsàn náà kù ní nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta. Oṣù kọkànlá 2004 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i. Ní oṣù kejì 2005 ni wọ́n kó o kúrò lọ́jà. Fáírọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n ń pè ní JC, ó ń gbé jẹ́ẹ́ nínú ara ọ̀pọ̀ àgbàlagbà láìdá wàhálà. Sẹ́ẹ̀lì funfun tó ń lọ ṣọ́ ọpọlọ ló ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí oògùn dí ọ̀nà mọ́ àwọn yẹn pẹ̀lú, fáírọ́ọ̀sì náà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọpọlọ àwọn aláìsàn kan. Natalizumab padà sọ́jà ní 2006 lábẹ́ ìṣọ́ líle. Oògùn mìíràn, efalizumab, tó ń dí LFA-1 fún àwọn tó ní àìsàn awọ ara tí wọ́n ń pè ní psoriasis, kò rí ọ̀nà padà: 2003 ló dé, 2009 ló lọ, wàhálà kan náà ló lé e.

Ìgbà yẹn ni wọ́n rántí integrin tó mọ ọ̀nà ìfun nìkan, èyí tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn. Vedolizumab, tó gba ìyọ̀ǹda ní 2014, dí èyí nìkan fún àwọn tí àjẹsára ń jẹ ìfun wọn. Ó fi ọpọlọ sílẹ̀ fún àwọn tó ń ṣọ́ ọ. Nínú gbogbo ìtàn oògùn yìí, èyí ni mo gbóríyìn fún jù, nítorí pé wọn kò wá oògùn tó lágbára jù. Wọ́n wá èyí tó mọ àdírẹ́sì.

Ìdí nìyí tí inú mi kì í fi dùn sí ìgò tí wọ́n ń tà nínú bọ́ọ̀sì àti lẹ́bàá títì pé ó ń ru àjẹsára sókè. Ẹni tí àjẹsára rẹ̀ ń jẹ kíndìnrín rẹ̀, kí ló fẹ́ fi èyí tí wọ́n rú sókè ṣe?

Oògùn tó wà nítòsí wa jù, tó sì ń da ìlẹ̀mọ́ rú jù, ni steroid: dexamethasone, prednisolone, àti ìpara clobetasol tí àwọn tó ń bóra ń fi pa ara. Oògùn iyì ni. Philip Hench àti àwọn méjì mìíràn gba ẹ̀bùn Nobel ní 1950 lórí iṣẹ́ tó mú un wá, ó sì ti yọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún aláìsàn lupus àti pemphigus nínú ikú. Lára iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí ògiri iṣan yọ èròjà ìlẹ̀mọ́ síta, ó sì ń tú àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun tó ti rọ̀ mọ́ ògiri padà sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tó ń tìdí èyí yọ. Ẹnì kan ra dexamethasone ní kẹ́mísì nítorí ara ríro, tàbí nítorí pé ó fẹ́ sanra. Ọjọ́ kejì ó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì funfun rẹ̀ ti pọ̀, nítorí àwọn tó wà lára ògiri ti bọ́ sínú ìṣàn. Wọ́n ní táífọ́ìdì ni, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́ ọjọ́ méje. Kò sí táífọ́ìdì kankan níbẹ̀. Kòkòrò tòótọ́ tó bá sì wọlé lọ́sẹ̀ yẹn yóò rí ọ̀nà gba, nítorí àwọn tó yẹ kó bọ́ sílẹ̀ kò lè bọ́ sílẹ̀.

Bí ó bá wá pẹ́ lórí rẹ̀, ojú á kún, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á ga, ṣúgà á gòkè, eegun á rọ, ẹṣẹ́ tó ń ṣe steroid tiwa fúnra wa á sì sùn lọ. Ẹni tó ti ń lò ó tipẹ́ tó bá dédé dá a dúró lójijì lè ṣubú lulẹ̀ kó má dìde. Nítorí náà, mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni tó bá ń lò ó lọ dà á nù lálẹ́ òní. Kó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ni. Ọ́fíìsì NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oògùn, wà ní Ìsọlọ̀ níbí, yàrá àyẹ̀wò wọn wà ní Òṣòdì. Kò sí ìjọba ìbílẹ̀ tó sún mọ́ wọn jù wá lọ. Síbẹ̀, a ṣì ń ra steroid bí ẹni ra bisikíìtì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kẹ́mísì, ẹ̀yin ni mo ń bá wí.

Oògùn kan wà tí mo fẹ́ kí gbogbo aláìsàn lupus mọ orúkọ rẹ̀: hydroxychloroquine. Ẹbí chloroquine tí a fi wo ibà títí orílẹ̀-èdè yìí fi yí oògùn ibà padà ní 2005 ni. Kò wọ́n bí àwọn oògùn tuntun, ó sì ń dín ìdìde lupus kù. Dókítà ló ń sọ ìwọ̀n rẹ̀, nítorí ojú gbọ́dọ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò bí èèyàn bá ń lò ó fún ọdún púpọ̀. Ẹ rántí pé ní 2020, nígbà kòrónà, àwọn kan l'Ékòó lo chloroquine lálòjù, wọ́n sì bá ara wọn ní ilé ìwòsàn.

Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìsọlọ̀ àti ti ìlera alábọ́ọ́dé, ẹ̀yin ni ẹ ń kọ́kọ́ rí wọn. Ìwé òyìnbó sọ pé ojú aláìsàn lupus máa ń pọ́n láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan dé èkejì. Lára awọ dúdú, pípọ́n yẹn kì í sábà hàn. Dúdú rẹ́súrẹ́sú ló máa ń dà, tàbí kó dà bí àmì tó ṣí láwọ̀ nínú etí àti ní àtàrí tí irun ti jẹ kúrò. Bí obìnrin bá wá lẹ́ẹ̀kẹta fún ibà tí àyẹ̀wò kò sì rí kòkòrò ibà, tí oríkèé ọwọ́ rẹ̀ ń wú láàárọ̀, tí oòrùn ń ba ojú rẹ̀ jẹ́, tí oyún ń bàjẹ́ mọ́ ọn lára, ẹ má kọ oògùn ibà fún un nígbà kẹrin. Ẹ fi ránṣẹ́ sí LASUTH tàbí LUTH fún àyẹ̀wò antibody. Ẹ̀yin pásítọ̀ àti àlùfáà, ẹ máa gbàdúrà fún wọn lọ, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n dé ilé ìwòsàn kí àwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí kíndìnrín kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Kíndìnrín tó bá bàjẹ́ tán kì í padà, owó fífọ ẹ̀jẹ̀ sì ti ta ilé àti ilẹ̀ ọ̀pọ̀ ìdílé. Ṣùgbọ́n ọ̀pá àyẹ̀wò ìtọ̀ tó ń fi hàn pé protéènì ti ń jò láti inú kíndìnrín kò wọ́n, ìṣẹ́jú méjì ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹsẹ̀ yín ń wú, tí ìtọ̀ yín ń hó bí omi ọṣẹ, ẹ lọ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ yìí. Ẹ̀yin ọkọ, ẹ sin wọ́n lọ. Alága ìjọba ìbílẹ̀ wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí ọ̀pá náà wà ní gbogbo ilé ìlera alábọ́ọ́dé tó wà lábẹ́ yín, láti Ìlasàmàjà dé Òkòta.